Ìdí Tí Kánfáàsì Fi Ń Jò Lẹ́yìn Tí A Bá Fọ̀ Ọ́ Tán

Èkìtì kò ní òkun, síbẹ̀ aṣọ kánfáàsì tí àwọn awakọ̀ ojú omi fi ń ṣe ìgbòkun àti ìbora ọkọ̀ wọn kò ṣàjèjì níbẹ̀. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni a ń fi ta àtíbàbà síwájú ṣọ́ọ̀bù ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, ìtọ́jú tí ó sì yẹ ẹ́ lórí ọkọ̀ ní ọ̀sà Èkó náà ni ó yẹ ẹ́ níhìn-ín. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ nínú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí rọ́bà ni ó ń dá omi dúró níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ.

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ń ba kánfáàsì jẹ́ ju òjò lọ, òun ni pé aṣọ tí ó bá ń jò ti lu. Ẹni tí ó bá na kánfáàsì tuntun sókè sójú oòrùn yóò rí i pé ihò tíntìntín tí ó wà láàárín àwọn òwú rẹ̀ kò lóǹkà. Ó ti lu láti ọjọ́ tí wọ́n ti hun ún. Omi ni kò ráyè kọjá.

Ewé kókò ni ó lè jẹ́ kí èyí yé ènìyàn. Ìrì tí ó bá sẹ̀ sórí ewé kókò ní ìdájí kì í tẹ́ sílẹ̀. Ńṣe ni ó ń ká ara rẹ̀ jọ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ lù ú, yóò yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀, ewé yóò sì gbẹ bí ẹni pé omi kò kàn án rí. Ojú ewé náà kún fún góńgó kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ìda sì bo gbogbo wọn, nítorí náà orí góńgó nìkan ni omi ń fẹsẹ̀ lé, afẹ́fẹ́ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi a máa fà mọ́ omi ju bí ó ti ń fà mọ́ ìda lọ. Ohun tí àwọn tí ń ṣe kánfáàsì ṣe nìyí: wọ́n fi kẹ́míkà tí omi kì í lẹ̀ mọ́ bo òwú, ẹ̀kán òjò sì ká jọ sórí rẹ̀, ó tóbi ju ihò lọ, ó yí kúrò. Ooru tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà àti oru omi ń gba ihò kan náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọgbọ́n tí ó wà nínú èyí pọ̀, pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ṣí sílẹ̀ fún ooru, ó sì tì mọ́ òjò.

Ṣùgbọ́n bí a bá kán omi ọṣẹ sórí ewé kókò kan náà, omi náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò sì rin ín. Ẹyọ ọṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ìhà méjì, ọ̀kan ń fà mọ́ omi, èkejì ń fà mọ́ epo, alárinà sì ni láàárín àwọn méjèèjì tí kì í bára wọn rẹ́. Yorùbá ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹba. Ọṣẹ kì í yẹba bí a kò bá fi omi púpọ̀ lé e. Èyí tí ó bá gbẹ mọ́ kánfáàsì yóò máa pe òjò wọlé láti ihò dé ihò. Ìdí nìyí tí ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ju 38°C lọ fi tó láti fọ̀ ọ́, lẹ́yìn tí a bá ti gbọn eruku ọyẹ́ àti ilẹ̀pa kúrò ní gbígbẹ. Fífi omi ṣàn án ni iṣẹ́ gan-an, ó sì yẹ kí ó pẹ́ ju fífọ̀ lọ, títí omi tí ń kán sílẹ̀ kò fi ní hó mọ́.

Ní ti bíbu, láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá tí òjò ń rọ̀ l'Ékìtì, kánfáàsì tí a bá ká ní tútù kì í pẹ́ bu. Ọmọ ìyá olú ni àwọn àmì dúdú wínníwínní náà. Lára òwú gidi, òwú náà ni wọ́n ń jẹ, bílíìṣì yóò sì tún sọ ọ́ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Lára àkírílíìkì, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Glen Raven ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe ní orúkọ Sunbrella láti ọdún 1961, ìdọ̀tí orí rẹ̀ ni oúnjẹ wọn. Àwọ̀ irú aṣọ yìí wọ inú òwú dé ààrin bí pípọ́n èsúrú, nítorí náà ó lè gba ife bílíìṣì kan nínú omi bíi lítà 4, fún ìṣẹ́jú 15, kí a tó ṣàn án dáadáa.

Àbùkù tí ó wà nínú ètò yìí ni pé kẹ́míkà orí òwú ń tán díẹ̀díẹ̀ láìfi ara hàn, oòrùn àti fífọ̀ sì ni ó ń mú un tán. Omi tí a bá wọ́n sórí aṣọ tí ó ti gbẹ tán ni ó ń tú àṣírí rẹ̀: bí ó bá ká jọ, kẹ́míkà ṣì wà, bí ojú ibẹ̀ bá dúdú tí omi sì wọlé, ó yẹ kí a fín òmíràn sí i. Lórí aṣọ tí ó mọ́, tí ó sì gbẹ kanrangandan ni a ti ń fín in, nítorí níbi tí ọṣẹ bá ṣẹ́kù sí, kẹ́míkà tuntun kò ní rí òwú dì mú.