Ìwọ́de níwájú ilé ìjọsìn ní Amẹ́ríkà: ẹnu ọ̀nà ni òfin ń ṣọ́, kì í ṣe etí

Nígbàkígbà tí àwọn èèyàn bá gbé pátákó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí sínágọ́gù ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: "Ibi mímọ́ nìyẹn, òfin ò gbà á." Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ilé bá ti jẹ́ ti Ọlọ́run, òfin ti lé alátakò jìnnà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà lóòótọ́ tó dárúkọ ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣọ́ ni ẹnu ọ̀nà, ọ̀nà tó dé ibẹ̀, àti ara àwọn tó ń gbà á kọjá. Kò ṣọ́ etí wọn, kò sì gba ojú wọn lọ́wọ́ àkọlé tó bí wọn nínú.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ sínágọ́gù Beth Israel ní Ann Arbor, ní ìpínlẹ̀ Michigan. Láti ọdún 2003 ni àwọn kan ti ń wá síwájú rẹ̀ ní Sátidé, lákòókò ìsìn gan-an, pẹ̀lú pátákó tó ń bu Ísírẹ́lì, tó sì ń bu àwọn Júù mọ́ ọn. Àwọn tó ń jọ́sìn níbẹ̀ gbé wọn lọ sí kóòtù. Ní 2021, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti Ẹkùn Kẹfà gbà pé ìbànújẹ́ wọn kì í ṣe eré, pé ó tó ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ wá síwájú adájọ́. Síbẹ̀, wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà. Àwọn alátakò yẹn kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà, wọn kò sì wọ ilẹ̀ sínágọ́gù.

Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ irú rẹ̀ ṣáájú, ní 2011, nínú ẹjọ́ Snyder v. Phelps. Ní 2006, àwọn 7 láti ìjọ Westboro, ìjọ kékeré kan ní Kansas, gbé pátákó èébú lọ síbi ìsìnkú ọmọ ogun kan ní Maryland. Wọ́n ti fi tó ọlọ́pàá létí, ilẹ̀ ìjọba ni wọ́n dúró sí, nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ṣọ́ọ̀ṣì, fún bí 30 ìṣẹ́jú. Kóòtù àkọ́kọ́ ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 10.9 dọ́là fún bàbá olóògbé, adájọ́ dín in sí mílíọ̀nù 5, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé gbogbo rẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì fọwọ́ sí ìfagilé náà, adájọ́ 8 sí 1. Ọ̀rọ̀ wọn rùn, a ò ní sọ pé kò rùn. Àmọ́ òórùn ọ̀rọ̀ kọ́ ni òfin fi ń díwọ̀n.

Kí wá ni òfin ìjọba àpapọ̀ ọ̀hún kà léèwọ̀? FACE Act (Freedom of Access to Clinic Entrances Act) ni wọ́n ń pè é, ọdún 1994 ni Ààrẹ Bill Clinton buwọ́ lù ú. Ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣẹ́yún ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ilé ìjọsìn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá fi ipá, tàbí ìhàlẹ̀ ipá, tàbí dídí ọ̀nà, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ẹni tó fẹ́ jọ́sìn léṣe, tó dẹ́rù bà á tàbí tó ṣe ìdíwọ́ fún un, ti rú u. Bí dídí ọ̀nà láìsí ìwà ipá bá ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í kọjá oṣù 6 nígbà àkọ́kọ́, owó ìtanràn kì í sì í kọjá 10,000 dọ́là. Bí ó bá tún un ṣe, ó lè di oṣù 18 àti 25,000 dọ́là. Inú òfin yìí kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò fọwọ́ kan ìwọ́de wọ́ọ́rọ́wọ́ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò.

Ibi tí àwọn afẹ̀hónúhàn ti ń kó sí wàhálà nìyí, nítorí wọ́n rò pé dídí ọ̀nà túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má lè kọjá rárá. Òfin ò dúró dìgbà yẹn. Bí kíkọjá bá ti nira ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí tó léwu, ó ti tó. Ẹni 12 tó ń yí po níwájú géètì tí mọ́tò ń gbà wọlé, tí wọ́n ń rọra yà fún mọ́tò kọ̀ọ̀kan, lè sọ pé àwọn ò di géètì pa. Bí mọ́tò bá tò dé ojú títì, tí àgbàlagbà sì ní láti sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọkọ̀ tó ń sáré, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìlera nílò ó kéré tán 36 íǹṣì tí nǹkan kan ò dí. Kí kẹ̀kẹ́ méjì tó lè pàdé kí wọ́n sì kọjá, ó tó 60. Kí olórí ìwọ́de fi ṣọ́ọ̀kì sàmì ìlà yẹn sílẹ̀ kí èrò tó dé, kó sì yan ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ṣọ́ ọ lọ. Ìṣẹ́jú 15 tó ṣáájú ìsìn àti ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbòkègbodò máa ń pọ̀ jù, ìgbà yẹn ló yẹ kí àwọn èèyàn wọn dúró sójú kan.

Ìgbàgbọ́ òdì kejì wà lọ́dọ̀ àwọn afẹ̀hónúhàn fúnra wọn: "Ṣọ́ọ̀ṣì ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé, mo lè wọlé sọ tèmi." Ìjọba ni Àtúnṣe Àkọ́kọ́ sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, èyí tó dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ, dè lọ́wọ́, kò sọ ilé onílé di gbàgede ìlú. Bí ẹni tó ní àṣẹ níbẹ̀ bá ti ní kí o jáde, tí o sì jókòó, o ti ń rú òfin ilẹ̀ onílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tún ní òfin lórí dídí ìsìn lọ́wọ́. Ti California, abala 302 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn, lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún kan àti 1,000 dọ́là, ó sì kan ariwo tí kò pọn dandan, yálà nínú ilé tàbí nítòsí rẹ̀ débi tó fi dàrú mọ́ ìsìn lójú. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀, gbohùngbohùn tí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí fèrèsé lè gbé ìwọ́de dé iwájú adájọ́.

Ta ló wá ni ilẹ̀ tí ẹ dúró sí? Ojú ò lè sọ ọ́. Ní 1999, ìlú Salt Lake City ta apá kan òpópónà Main Street fún ìjọ Mormon, ṣùgbọ́n ìlú pa ẹ̀tọ́ ẹlẹ́sẹ̀ láti máa gbà á kọjá mọ́. Ní 2002, kóòtù sọ pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀tọ́ yẹn bá wà, ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìlú fi ẹ̀tọ́ náà sílẹ̀ fún ìjọ ní 2003, kóòtù sì fọwọ́ sí i ní 2005. Ilẹ̀ kan náà, òkúta kan náà, ṣùgbọ́n ìwé yí padà. Nítorí náà, ẹ gba àwòrán ìlà ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ilẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Àtẹ̀gùn àti ibi ìgbọ́kọ̀sí sábà máa ń jẹ́ ti ilé ìjọsìn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́bàá títì sì sábà máa ń jẹ́ ti ìlú.

Àwọn kan á ní kí ìlú kàn fa ìlà yíká, kó parí. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní 2000, nínú ẹjọ́ Hill v. Colorado, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ gba òfin tó ní kí èèyàn má sún mọ́ ẹlòmíràn ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ láìgbàṣẹ, láàárín 100 ẹsẹ̀ bàtà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, láti fún un ní ìwé tàbí bá a jiyàn. Ní 2014, gbogbo adájọ́ pátá fẹnu kò láti fagi lé ti Massachusetts tó lé èèyàn 35 ẹsẹ̀ bàtà jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ìṣẹ́yún, nítorí ìpínlẹ̀ náà kò fi hàn pé òun ti gbìyànjú ọ̀nà tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tó bá sì ní kí òṣìṣẹ́ tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà máa ṣe ìwọ́de, kí àwọn yòókù má ṣe é, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fagi lé irú rẹ̀ nínú ẹjọ́ Carey v. Brown ní 1980.

Ní ti ilé ìjọsìn, ohun tó ń ba ẹjọ́ wọn jẹ́ jù ni kí ọmọ ìjọ fa pátákó ya tàbí kó ti ẹnìkan. Kámẹ́rà kan lójú géètì, ìkan lójú ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì pa fídíò mọ́ látòkè délẹ̀, láìgé e. Kí ẹni kan ṣoṣo tí ìjọ yàn máa bá ọlọ́pàá àti olórí ìwọ́de sọ̀rọ̀, kí ilẹ̀kùn kejì sì wà ní ṣíṣí fún aláìlera. Bí FACE Act bá délẹ̀ ní kóòtù, ìjọ tó ni ilé tàbí ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ ló lè pe ẹjọ́ owó náà, wọ́n sì lè yan 5,000 dọ́là fún ìrúfin kọ̀ọ̀kan dípò kí wọ́n máa ṣírò iye tí wọ́n pàdánù.