Kí ni olórí ikọ̀ dátà ń ṣe níléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ọkọ̀?

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìṣirò ni olórí ikọ̀ dátà níléeṣẹ́ ínṣọ́ránsì ń bá yí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ìyẹn. Ti olórí ni kó mọ̀ bóyá dátà tí wọ́n gbé síwájú kọ̀ǹpútà ti gbó tó, ìyẹn ni pé gbogbo ìròyìn tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ti pé.

Ká ní wọ́n kọlu ọkọ̀ kan lóṣù kọkànlá. Oṣù kejìlá ni ẹni tó ni ín tó fi tó iléeṣẹ́ létí. Panel beater kọ iye tó máa gbà, wọ́n dúnàádúrà títí, owó wá jáde lóṣù kẹta. Bí ikọ̀ bá gé dátà sí ìparí ọdún, òdo ni wọ́n máa bá níwájú ọkọ̀ yẹn níbi owó tí wọ́n san, bí ẹni pé ohunkóhun ò ṣe é. Tí irú rẹ̀ bá pọ̀, módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi dátà àtẹ̀yìnwá sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, á gbà pé jàǹbá ti dín kù, iléeṣẹ́ á bu owó kù fún oníbàárà, gbèsè á sì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí rèé tí olórí tó mọṣẹ́ fi máa ń yọ oṣù mélòó kan tó gbẹ̀yìn kúrò, tàbí kó ní kí àwọn actuary, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìṣirò ewu, fojú dá ohun tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Èyí tó tún léwu jù ni èyí tó ń dùn mọ́ni. Módẹ́ẹ̀lì á mọ ọkọ̀ tó máa ní jàǹbá bí ẹni mọ owó, gbogbo ikọ̀ á máa pàtẹ́wọ́. Olórí á bi wọ́n pé kí ló ń ràn án lọ́wọ́? Ẹ wò ó, orúkọ panel beater ni, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í kọ àfi lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti bàjẹ́! Kò lè sí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ra ínṣọ́ránsì.

Ní Nàìjíríà, dídá iye owó kọ́ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Láti oṣù kìíní 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ínṣọ́ránsì, ti sọ owó third party ọkọ̀ àdáni, ìyẹn ínṣọ́ránsì tó ń sanwó fún ẹlòmíì tí ọkọ̀ rẹ bá ṣe léṣe, di 15,000 náírà, látorí 5,000. Owó comprehensive, èyí tó ń bo ọkọ̀ tìrẹ náà, kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 5% iye ọkọ̀ lọ. Mímú oníjìbìtì ló kù tí módẹ́ẹ̀lì ti lè jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú nìkan ni dátà ń pè ní olè. Ẹni tí wọn ò yẹ̀ wò rí, olóòótọ́ ni lójú kọ̀ǹpútà. Olórí á wá ní kí wọ́n máa ṣa fáìlì díẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, títí kan èyí tí módẹ́ẹ̀lì ní kò léwu. Inú ẹ̀ka tó ń sanwó kì í dùn sí i, torí ó ń dá iṣẹ́ wọn dúró. Olórí náà ló máa lọ bá wọn jókòó.