Ẹ Béèrè Ọdún Tó Kù Kí Ẹ Tó Dúnàá-dúrà Ilé ní Singapore

Ohun tí àwọn tó fẹ́ ra ilé ní Singapore kọ́kọ́ máa ń bi agbẹjọ́rò ni iye owó. Lójú tèmi, ọdún tó ṣẹ́ kù lórí líìsì ilé náà, ìyẹn àdéhùn tó fi ilé fúnni fún iye ọdún kan, ló yẹ kó ṣáájú.

Erékùṣù kékeré ni Singapore, ìjọba ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ rẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn onílùú ló ń gbé inú ilé tí HDB, àjọ ilé kíkọ́ ti ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1960, kọ́. Líìsì ọdún 99 ni wọ́n fi ń tà á. Ẹni tó rà á lè fi háyà, ó lè tún un tà, ó sì lè jẹ́ ogún fún ọmọ, bó bá ti tẹ̀lé ìlànà àjọ náà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọdún 99 bá pé, ọwọ́ HDB ni ilé ń padà sí, láìsí owó gbà-má-bínú.

Ẹni tó mọ C of O lè rò pé òun ti mọ èyí, nítorí ọdún 99 náà la sábà ń rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lílo ilẹ̀ (Land Use Act) ti Nàìjíríà ti ọdún 1978 kò tíì dàgbà tó kí ọdún 99 kankan pé lábẹ́ rẹ̀. Ní Singapore, ojú ti rí i: líìsì ọdún 60 tó wà lórí ilé aládàáni 191 ní Lorong 3, Geylang, parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ilẹ̀ náà sì di ti ìjọba.

Ọdún tó kù yìí kan náà ló ń pinnu iye tí olùrà lè yọ láti fi ra ilé nínú CPF, ìyẹn owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá sí àpò nítorí ọjọ́ ogbó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2019, líìsì gbọ́dọ̀ lè gbé ẹni tó kéré jù nínú àwọn olùrà dé ọdún 95, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye tí wọ́n lè yọ yóò dín kù. Ká ní ó ku ọdún 55: ẹni ọdún 45 yóò ti pé 100 kí líìsì tó tán, ṣùgbọ́n ọdún 90 péré ni yóò bá ẹni ọdún 35 dé. Àgbà tipa bẹ́ẹ̀ rí owó yọ ju ọ̀dọ́ lọ lórí ilé kan ṣoṣo! Bí ọdún tó kù kò bá sì tó 20, kọ́bọ̀ kò ní jáde. Ìdí nìyí tí ilé àtijọ́ tó pọ́ọ́kú lójú fi ń ṣòroó tà lẹ́yìn ọ̀la.

Àlejò kò lè dá ra ilé HDB. Tó bá fẹ́ ra fúláàtì aládàáni, owó òntẹ̀ àfikún tí wọ́n ń pè ní ABSD ti di ìdá 60 nínú 100 iye owó ilé láti oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò san án. Ọmọ Yorùbá tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà lè bọ́ nínú rẹ̀ lórí ilé àkọ́kọ́, nítorí àdéhùn òwò tó wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà nìkan kò tó.

Kí ẹ tó san owó ìdúró, ẹ ní kí agbẹjọ́rò yín yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní SLA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọjọ́ tí líìsì bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ilé tán, nítorí nínú fúláàtì aládàáni, líìsì sábà máa ń ti jẹ ọdún bíi mélòó kan kí onílé àkọ́kọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́.