Ibo Ni Títóbi Orin Ti Ń Wá? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Àwo Orin Ọ̀kẹ́sírà àti Ẹ̀rọ

Irú orin kan wà tí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: fáyólìn ń sáré lókè, fèrè onídẹ ń bú ramúramù, ẹgbẹ́ akọrin ń ké, ìlù ń sán bí àrá, ìró ẹ̀rọ kan sì wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀ tí ń mi àyà ẹni tìtì. Wọ́n máa ń fi í polówó sinimá, wọ́n sì máa ń ṣe odindi àwo orin láti inú rẹ̀. Ohun tó ń rú olùgbọ́ lójú ni pé orúkọ ẹnì kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń wà lára àwo náà, nígbà tí etí ń jẹ́rìí pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló wà níbẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ náà máa ń fà nìyí.

Ṣé ọ̀kẹ́sírà gidi ló wà nínú orin náà, àbí kọ̀ǹpútà ló ń tàn wá?

Ó lè jẹ́ ọ̀kan, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Ìwọ̀n wọn ló ń yàtọ̀ láti àwo kan sí òmíràn. Àwọn olórin gidi ni wọ́n kọ́kọ́ jókòó sínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ta ohùn fáyólìn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní jẹ́jẹ́ àti kíkankíkan, ní gígùn àti kúkúrú, tí wọ́n sì ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé inú kọ̀ǹpútà. Ìró tí a ká sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní sample. Èrò náà ti pẹ́. Mellotron, ẹ̀rọ orin oníbọ́tìnì tó jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1963, ní téèpù kan lábẹ́ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan, tí a bá sì tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ lọ, téèpù á tán, ohùn á sì dákẹ́. Ní 1979 ni Fairlight, ẹ̀rọ orin mìíràn tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, gbé iṣẹ́ náà kúrò lórí téèpù bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohùn kan ṣoṣo nítòsí. Bí a bá fẹ́ kí fáyólìn ta ohùn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ ní sísáré, tó sì jẹ́ sample kan náà ni kọ̀ǹpútà ń pè ní gbogbo ìgbà, yóò máa dún bí ìbọn arọ̀jò-ọta, nítorí kò sí ènìyàn tó lè fi ọrun ra okùn lẹ́ẹ̀mejì kí méjèèjì bára mu délẹ̀délẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ká ohùn kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí kọ̀ǹpútà lè máa pààrọ̀ wọn kiri. Àṣìṣe kékeré tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe ni a ń sanwó fún níbẹ̀, ká má purọ́.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà?

Ó ń kọ orin, ó sì tún ń ṣe ìṣe olórin. Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ MIDI, èdè àwọn ẹ̀rọ orin tó ti wà láti 1983. MIDI kì í gbé ohùn kankan. Àṣẹ nìkan ló ń gbé: bọ́tìnì wo ni a tẹ̀, báwo ni a ṣe tẹ̀ ẹ́ kíkan tó, ìgbà wo ni a fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ ohùn, ọwọ́ òsì sì wà lórí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tó ń yí sókè-sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù, tí iye rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 127. Kẹ̀kẹ́ yìí ló sábà máa ń pinnu bí fáyólìn ṣe ń wú tí ó sì ń rọ̀. Bí ó bá dúró sójú kan, sórí 64 ká sọ, orin náà á gbẹ bí pákó, bó ti wù kí sample rẹ̀ wọ́n tó. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ gbọ́ pé sọ́fítíwíà olówó gọbọi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lójú tèmi, ọwọ́ òsì yẹn ni.

Bí owó bá sì kéré, wọ́n lè pe afáyólìn kan tàbí méjì péré kí wọ́n wá ta orin náà lé orí sample. Etí á di mọ́ èémí ẹni gidi yẹn, á sì gba gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sí ènìyàn.

Bí a bá fẹ́ kí orin tóbi, ṣé kí a kàn máa fi ohun èlò kún un ni?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àwo orin ti ń ṣubú. Afáyólìn mẹ́wàá kò dún sókè ní ìlọ́po mẹ́wàá ẹnì kan. Agbára wọn pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìlọ́po méjì ni etí wa ń gbọ́ ọ sí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àmọ́ nínú orin, bí gbogbo ọwọ́ bá jọ bọ ojú kan ṣoṣo, ńṣe ni wọ́n máa ń bo ara wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ orin fún àpẹẹrẹ. Okùn tó nípọn jù lọ lára dọ́bù báàsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 41 Hz. Ìlù ńlá wà ní àdúgbò yẹn, báàsì synthesizer, ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná dá ohùn sílẹ̀, náà sì wà níbẹ̀. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo rúdurùdu ló ń jáde. Nítorí náà, ẹni tó ń po orin máa ń dá ilẹ̀ náà pín: yóò gé ìsàlẹ̀ dọ́bù báàsì kúrò kí ìró ọrun rẹ̀ nìkan lè kù, yóò fi ìsàlẹ̀ pátápátá lé synthesizer lọ́wọ́, yóò sì so synthesizer yẹn mọ́ ìlù, kí ó lè máa tẹrí ba fún nǹkan bí ìdákan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá nígbàkígbà tí ìlù bá dún. Olùgbọ́ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun tẹrí ba. Ohun tí yóò gbọ́ ni ìlù tó tóbi, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kan ìlù ọ̀hún.

Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀ lórí àkókò pẹ̀lú. Ibi tí orin ti fẹ́ bú gbàù máa ń tóbi bí ohun tó ṣáájú rẹ̀ bá ti kéré tó, nítorí náà ni àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń yọ gbogbo nǹkan kúrò, tí wọn á sì fi dùùrù kan ṣoṣo sílẹ̀, tàbí ìdákẹ́jẹ́ lásán, kí òjò tó rọ̀.

Bí wọ́n bá pe ọ̀kẹ́sírà gidi, báwo ni wọ́n ṣe ń bá ẹ̀rọ rìn?

Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni, torí náà ọ̀kẹ́sírà ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Olùdarí àti gbogbo olórin máa ń fi hẹ́dífóònù gbọ́ ìró ká-ká-ká tí ń ka ìgbésẹ̀ orin, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń ṣí etí kan sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ẹni tó jókòó tì wọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni pé níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, ìró ká-ká-ká yẹn lè yọ́ jáde láti inú hẹ́dífóònù wọ inú makirofóònù, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ìbámu ohùn náà tún wà. Òṣùwọ̀n àgbáyé ni 440 Hz fún ohùn A, ìyẹn ohùn tí àwọn olórin fi ń mú ohun èlò wọn bára mu, orí rẹ̀ sì ni synthesizer máa ń wà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀kẹ́sírà kan ní Yúróòpù máa ń gbé e sí 442. Bí 440 àti 442 bá jọ dún pọ̀, ohùn náà yóò máa wú, yóò sì máa fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí èyí kí ẹnikẹ́ni tó ta okùn kankan.

Wọ́n sì tún lè yàn láti má gba gbogbo wọn sílẹ̀ pọ̀. Fèrè onídẹ a máa pariwo débi pé yóò wọ makirofóònù àwọn afáyólìn, tí a kò sì ní lè dín ọ̀kan kù láìfọwọ́ kan èkejì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gba ìdílé ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Kí ló dé tí ohùn ẹ̀rọ fi máa ń dà bí ohun tí a lẹ̀ mọ́ orin náà lára?

Nítorí pé kò wá láti ibì kankan. Ohùn ọ̀kẹ́sírà rìn nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó dé makirofóònù: mítà mẹ́wàá ń gbà á ní nǹkan bí ìdá 29 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá, ògiri àti òrùlé sì ti dá ọ̀pọ̀ rẹ̀ padà. Synthesizer ní tirẹ̀ gba inú wáyà wọlé ní tààrà. Àwọn kan máa ń gbé sípíkà lọ sínú gbọ̀ngàn náà, wọn á mú kí synthesizer dún láti inú rẹ̀, wọn á sì tún un ká sílẹ̀ láti òkèèrè. Àwọn mìíràn á fọ́ bàlúùnù kan nínú gbọ̀ngàn, wọn á ká bí ìró rẹ̀ ṣe ń kú lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyẹn ṣírò bí ohùn mìíràn ì bá ṣe dún níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn ti sípíkà, bó tilẹ̀ ń gba àkókò.

Èdè wo ni ẹgbẹ́ akọrin ń sọ?

Látìnì nígbà mìíràn. Nígbà mìíràn, kì í ṣe èdè kankan. Fáwẹ̀lì tó ya ẹnu, bí a àti o, ni olórin ń wá, nítorí òun ló ń gbé ohùn jáde.

Kí ló dé tí orin náà fi ń di kékeré lórí fóònù?

Sípíkà fóònù kò lè gbé 50 Hz jáde. Ẹni tó ń po orin máa ń fọ́ ohùn báàsì náà díẹ̀ kí àwọn ìró òkè rẹ̀, bíi 200, 250 àti 300 Hz, lè yọ síta. Ọpọlọ á gbọ́ àyè tó wà láàárín wọn, á sì fúnra rẹ̀ fi 50 tí kò sí níbẹ̀ kún un. Bí ẹni tó ń po orin bá sì rò pé kí òun kàn gbé gbogbo orin náà sókè, Spotify àti àwọn ìkànnì orin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ padà, nítorí wọ́n ń mú kí orin gbogbo ènìyàn wà ní nǹkan bí ìpele kan náà. Ibi jẹ́jẹ́ tí gbígbé-sókè yẹn ti pa rẹ́ kò sì ní padà wá. Ìdí nìyí tí ẹ ó fi rí ẹni tó ní sípíkà ńlá méjì níwájú rẹ̀, tó sì fi fóònù sí etí, tó ń gbọ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kan náà lẹ́ẹ̀ogún.