Kí ẹ tó san owó ẹ̀kọ́ psychotherapist, ẹ ka wákàtí yín

Ní ìlú ọba, kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe ara rẹ̀ ní psychotherapist, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ìnira ọkàn. Ẹni tó fi ọdún 6 kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó wo fídíò fún ọjọ́ méjì lè gbé pátákó kan náà kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ bíi clinical psychologist tàbí art therapist ni òfin ń ṣọ́, HCPC, àjọ tó ń forúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan sílẹ̀, ló sì ń mójú tó wọn. Ní ti psychotherapist, inú ìwé orúkọ àwọn ẹgbẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ la ti ń mọ ojúlówó: UKCP, BPC, BACP àtàwọn mìíràn tí Professional Standards Authority, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀, ti yẹ̀ wò. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo ìkànnì ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ tó kàn sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ìbéèrè kan ni kí ẹ bi wọ́n, kí wọ́n sì fi ìwé dá yín lóhùn: “Tí mo bá parí, ìwé orúkọ wo ni mo lè wọ̀, ní ipò wo?” Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ń fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà wọn ò gùn bákan náà. Ẹni tó fẹ́ ṣe counsellor sábà máa ń gba Level 2 àti Level 3 (kọ́ọ̀sì ìpìlẹ̀) kọjá, kó tó ka díplómà Level 4 fún bí ọdún 2. BACP fẹ́ kó ti bá àwọn tó wá gba ìtọ́jú jókòó fún wákàtí 100, ó kéré tán, lábẹ́ alábòójútó, ìyẹn àgbà oníṣẹ́ tí wọ́n jọ ń jíròrò iṣẹ́ náà. Ti UKCP sábà máa ń gba ọdún 4, ní ìpele máàsítà, wákàtí 450 ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn sì ń béèrè. Èyí tó wúwo jù, tí àwọn èèyàn kì í sì í ṣírò dáadáa, ni ti psychoanalytic psychotherapist (ẹni tó ń wá ohun tó fara pamọ́ sínú ọkàn) tó ń tọ́jú àgbàlagbà, lábẹ́ BPC. Òun la fẹ́ tú palẹ̀ níbí.

Páàtì-táìmù ni wọ́n ń pè é, torí kíláàsì rẹ̀ lè má ju alẹ́ kan lọ́sẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín. Ààrò mẹ́ta ló gbé ọbẹ̀ yìí dúró: tẹ́rápì tiyín, àwọn tí ẹ ń tọ́jú, àti kíláàsì. Ẹ̀yin fúnra yín yóò máa lọ sí tẹ́rápì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 50 nígbà kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi gboyè. Ẹ ó tọ́jú èèyàn 2, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ bákan náà. Ọ̀kan fún oṣù 24 ó kéré tán, èkejì fún oṣù 18. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní alábòójútó tirẹ̀ tí ẹ ó máa rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, ìjókòó 3 ni tiyín, 6 ni tàwọn èèyàn yín, 2 ni ti alábòójútó, kíláàsì tó bíi wákàtí 3. Bí a bá ka ìjókòó kọ̀ọ̀kan sí wákàtí kan, wákàtí 14 lọ́sẹ̀ nìyẹn, láìtíì ka ọkọ̀ wíwọ̀, ìwé kíkà, àti kíkọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀.

Tẹ́rápì tiyín ló sábà máa ń jẹ owó jù, kì í ṣe kíláàsì. Ká ní £50 ni ìjókòó kan, fún ọ̀sẹ̀ 42 lọ́dún: ìjókòó 126 ni, £6,300. Àwọn kan máa ń dín in kù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìjókòó wọ̀nyẹn lè má wọ ìṣirò.

Ohun tó ń sọ ọdún 4 di 6 tàbí 7 ni kí ẹni tí ẹ ń tọ́jú ṣíwọ́ wíwá. Bó bá lọ ní oṣù 11, ẹ ó wá ẹlòmíràn, ẹ ó sì tún kà láti oṣù kìíní. Ẹ ò lè dè é mọ́lẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ohun tí agbára yín ká ni àkókò: ọjọ́ kan náà, wákàtí kan náà, yàrá kan náà, kí ẹ sì sọ ìsinmi yín ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Ibí yìí ló ti ń há fún àwọn èèyàn wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ kíà, torí rota wọn (àtẹ àkókò iṣẹ́) ń yí. Ẹ gba ọjọ́ tí kì í yí lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ní kíkọ sílẹ̀, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni sọ́wọ́. Láti oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè fún èyí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀gá lè kọ̀ bó bá ní ìdí tí òfin gbà. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ní láti ṣọ́ra gan-an: físà tí wọ́n ń fúnni fún páàtì-táìmù kò gba iṣẹ́ ṣíṣe.

Kí ẹ tó tọ́jú àgbàlagbà kankan, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ á ní kí ẹ lọ máa wo ọmọ ọwọ́. Esther Bick ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Tavistock Clinic, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1948, fún àwọn tó ń kọ́ ìtọ́jú ọmọdé. Ẹ ó máa lọ sílé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, fún ọdún 1 tàbí 2. Kò sí bírò, kò sí fóònù. Ẹ jókòó, ẹ máa wò. Ọmọ bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ wà ní kíṣìnì. Nílé tiwa, ta ni yóò jókòó? Ìyá wọlé, ó bi yín pé, “Ṣé ẹkún rẹ̀ yìí kò ti pọ̀ jù?” Ká ní nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ èsì. Ẹ ò ní kọ́ ọ. Bí ewu bá wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ ó dìde. Ohun tí ẹ ń kọ́ ni bí a ṣe ń gba ìnira ẹlòmíràn sára láìsáré pa á lẹ́nu mọ́. Àgbàlagbà tó bá ń sunkún níwájú yín, tí ẹ yára sọ fún pé “Ó tó, Ọlọ́run yóò ṣe é,” kò ní sọ ìyókù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí. Ọ̀pọ̀ á kọ pé “inú ọmọ bàjẹ́.” Ojú kò rí ìyẹn. Ohun tí ojú rí ni pé ó yíjú kúrò lára ọmú, ó di ìkúùkù, ó ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá tẹjú mọ́ iná. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá tún ní iṣẹ́ kan sí i. Àwọn kan yóò wá nítorí orúkọ Yorùbá tí ẹ ń jẹ́. Bí ẹ bá jọ ń lọ sí ìjọ kan tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan, ẹ má gbà á. Ẹ júwe ẹlòmíràn fún un, torí kò ní lè sọ tinú rẹ̀ tán fún ẹni tí yóò rí lọ́jọ́ Sunday. Ẹ tún gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni ọdún 62 ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 34 sọ̀rọ̀: láti oṣù mélòó kan, “ẹ” ló ń pè é, ó ń dúpẹ́ ní gbogbo ìgbà. Lẹ́yìn ìsinmi August, ó jókòó, ó ní, “O ò tiẹ̀ sí nílé.” “Ẹ” ti di “o.” Ìbínú ìsinmi náà wà nínú sílébù kan yẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí ẹ tó ṣàlàyé rẹ̀ fún alábòójútó tí kò gbọ́ èdè, torí Gẹ̀ẹ́sì yóò kọ “you” síbi méjèèjì.