Pàtẹ́wọ́ Márùn-ún Bo Diddley

Kí ẹ tó ka ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ẹ máa kà láti 1 dé 16 kíákíá, kí ẹ sì pàtẹ́wọ́ lórí 1, 4, 7, 11 àti 13 nìkan. Bí ẹ bá dé 16, ẹ má dúró, ẹ padà sí 1 lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ara yín á ti máa mì. Ohun tí Bo Diddley, onígìtá rock and roll, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, fi jẹun fún ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún nìyẹn.

Onígìtá ni mí, jùjú ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń bi mí pé, “Ọ̀gá, ṣé rock and roll kì í ṣe ariwo òyìnbó ni?” Ọkùnrin yìí ni mo fi ń dá wọn lóhùn.

McComb, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kejìlá 1928. Ellas Bates ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Gussie McDaniel, ìbátan ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ, tó sì kó o lọ sí Chicago ní kékeré, ló fi di Ellas McDaniel. Fáyólìn ló kọ́kọ́ kọ́, pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí wọ́n ń lọ. Ẹ má fojú kéré fáyólìn yẹn o. Ẹni tó bá ti ń fa okùn fáyólìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á ti mọ bí a ṣe ń lọ, tí a ń bọ̀, láì sinmi. Ọwọ́ yẹn ló gbé lé gìtá. Iṣẹ́ káfíńtà àti mẹkáníìkì ló fi ń gbọ́ bùkátà nígbà yẹn, ó sì ń ta gìtá kiri ìgboro.

Ní oṣù Kẹta 1955, ó gba àwo kan sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Chess. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ gan-an ló fi pe orin náà, “Bo Diddley”. Ó gun òkè àtẹ orin àwọn aláwọ̀ dúdú, ipò kìíní.

Ẹ fetí sí orin náà dáadáa. Ọwọ́ òsì onígìtá, tó yẹ kó máa sáré láti kọ́ọ̀dù (àkópọ̀ ohùn) kan sí òmíràn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan. Ojú kan ló wà. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́: ó ń lu okùn, ó ń pa ohùn rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ̀rọ kan sì ń mú ohùn náà gbọ̀n bí omi inú àwo. Jerome Green wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń mi ṣẹ́ẹ́rẹ́. Lójú tèmi, gìtá tibí ti di omele, ohun tí àwa onijùjú ń retí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gìtá tẹ́nọ̀.

Kì í ṣe Bo Diddley ló dá ìlù pàtẹ́wọ́ márùn-ún náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Stono, ní South Carolina, Amẹ́ríkà, ní 1739, òfin ibẹ̀ ti ọdún 1740 ka ìlù léèwọ̀ fún àwọn ẹrú. Àwọn èèyàn wa tó wà lóko ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan àti àyà ara wọn. Eré yẹn ni wọ́n wá ń pè ní hambone, àwọn ọmọdé sì ń ṣe é ládùúgbò. Ní Kúbà, igi kékeré méjì ni wọ́n fi ń lu márùn-ún kan náà. Àwọn kan fẹ́ kí n sọ pé tiwa ni. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀: Gánà ní in pẹ̀lú. Kónkóló agogo tiwa dà bí ọmọ ìyá rẹ̀, márùn-ún lòun náà, àmọ́ nínú kíkà 1 dé 12.

Buddy Holly, olórin òyìnbó ará Amẹ́ríkà, lo ìlù náà nínú orin “Not Fade Away” ní 1957, Rolling Stones, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún orin Holly yẹn kọ ní 1964. Bo Diddley kò gba kọ́bọ̀ lórí ìlù náà, nítorí orin àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni òfin ń dáàbò bò, kì í ṣe ìró ìlù tó ti wà nílẹ̀. Mo gbà pé òfin yẹn tọ́. Ẹjọ́ mìíràn ni ti owó àwo tirẹ̀ gan-an, tó ń ráhùn títí ó fi kú pé kò dé ọwọ́ òun bó ṣe yẹ.

Gìtá onígun mẹ́rin rẹ̀ ńkọ́? Ẹwà lásán ni. Gìtá oníná kì í fi igi sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, irin tó wà lábẹ́ okùn ló ń gbọ́ ohùn. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó gbé gìtá lé àwọn obìnrin lọ́wọ́, Peggy Jones àti Norma-Jean Wofford, nígbà tí ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Archer, ní Florida, ló kú sí ní oṣù Kẹfà 2008, lẹ́ni ọdún 79.

Ẹ padà sí pàtẹ́wọ́ yín. Ibi tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ti ń ṣubú ni àárín 7 sí 11. Òfìfo ibẹ̀ ń dẹ́rù bà wọ́n, wọ́n á sì kánjú. Ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ibẹ̀ ni Jerome Green ń mi ṣẹ́ẹ́rẹ́ sí.