Ìyá Omi nínú ìkòkò aró

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n kọ hydrochlorothiazide fún nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbà pé "hydro" tó wà lára orúkọ oògùn náà ló fà á tí àwọn fi ń tọ̀ léraléra. Lóòótọ́, oògùn náà ń lé omi jáde lára, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa omi. Chlorothiazide ti wà tẹ́lẹ̀, átọ́mù háídírójìn 6 ló wà nínú mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi méjì kún un, ó di 8. Ohun tí "hydro" ń sọ kò ju ìyẹn lọ.

Hydor ni àwọn Gíríìkì ń pe omi, àwọn oníṣègùn ló sì kọ́kọ́ fi ṣe orúkọ àìsàn. Omi tó gbá jọ sínú orí ni hydrocephalus, omi tó kún àpò ẹpọ̀n ni hydrocele, ẹ̀rù omi tó ń ba ẹni tí ajá dìgbòlugi bù jẹ ni hydrophobia. Ní 1766, Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé afẹ́fẹ́ kan tó ń gbiná. Nígbà tó hàn pé omi ló ń kù sílẹ̀ tó bá jó tán, Antoine Lavoisier, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, sọ ọ́ ní hydrogen (háídírójìn), ohun tó ń bí omi. Ìyá Omi, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àdúgbò ṣe ń pe obìnrin ní Ìyá Bọ́lá náà ni. Àmọ́ àwọn onímọ̀ kẹ́míkà gé "Ìyá" kúrò, wọ́n wá ń pe ìyá fúnra rẹ̀ ní Bọ́lá. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ké sí "hydro" nínú orúkọ àìsàn, ọmọ ló ń dáhùn. Nínú orúkọ oògùn, ìyá ló sábà máa ń jáde.

Ibi tí iṣẹ́ ìyá yìí ti hàn sí ojú ni ìkòkò aró, ní agboolé àwọn aláró tó ń pèsè àdìrẹ tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Aró dúdú kì í yọ́ nínú omi. Gún un, rò ó títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, yóò ṣì sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ẹrẹ̀. Háídírójìn 10 ló ní. Tó bá gba méjì sí i, tó di 12, kọ́sítíìkì sódà á jẹ́ kó yọ́, á sì wọ inú òwú lọ ràì. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde kì í dúdú, ṣe ló ń rí bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Ẹ dúró wò ó. Omi ṣì ń kán tótó lára rẹ̀ tí dúdú á ti bẹ̀rẹ̀ láti etí aṣọ. Kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe gbígbẹ. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló gba háídírójìn méjì yẹn padà, aró ò sì lè yọ́ mọ́: ó ti wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Ìdí nìyí tí aláró fi ń rì í, tó ń fà á jáde kó fẹ́ atẹ́gùn, tó tún ń rì í. Kò sí ọgbọ́n tó wù mí ju èyí lọ nínú iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ẹ̀dọ̀ èèyàn ń ṣe irú rẹ̀. Cortisone, oògùn kan tó ní háídírójìn 28, kì í ṣiṣẹ́ títí ara yóò fi fún un ní méjì. Ó di 30, ó di hydrocortisone.

Láyé àtijọ́, ewé èlú, omi eérú àti ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi ń pèsè aró. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò. Lónìí, hydrosulphite ni ọ̀pọ̀ ń dà sí i. Orúkọ yìí ló sì burú jù, nítorí kò sí omi nínú rẹ̀, kò sí háídírójìn pàápàá: sódíọ́mù, imí ọjọ́ àti ọ́síjìn nìkan ni. Ẹ́lẹ́kítíróònù, ìyẹn ẹyọ iná mànàmáná tín-tìn-tín inú átọ́mù, ló ń fún aró, omi inú ìkòkò ni aró ti ń mú háídírójìn tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dé ike hydrosulphite dáadáa. Omi díẹ̀ tó bá ta sí i lè mú kó gbóná títí yóò fi gbiná, èéfín rẹ̀ á sì máa ta èèyàn lọ́fun.